Bíréèkì Tí Màmá Mi Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Dán Wò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á lọ, ṣùgbọ́n kò tíì kú nínú mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á pa mí títí omi á fi máa bọ́ lójú mi. Ẹ ò rí nǹkan?

Ìgbà tí àwọn ológun ń ṣe ìjọba ni, tí wọ́n ní kí oníkálukú ṣọ́wó ná, bí ẹni pé a rí owó ọ̀hún! Tísà kẹ́mísírì ni mí nígbà náà ní girama kan ní Òrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mi ò tíì lọ́kọ, mo sì ní ìjàpá kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó bí igbá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ wà níwájú. Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ igbó ọba ló tà á fún mi nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Òrè. Funfun ni, ó ń dán, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Láyé ìgbà yẹn, kí la kì í tò fún? Mílíìkì, ẹ tò. Ṣúgà, ẹ tò. Ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ tò, kí ṣọ́jà sì dúró tì yín pẹ̀lú kòbókò. Ẹni tó bá rí táyà tuntun rà, àwọn ará àdúgbò á wá kí i bí ẹni tó bímọ!

Ìwé ìlànà ọkọ̀ náà wà nínú àpótí kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe máa ń ka ohun gbogbo. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ó yẹ kí á máa fa òróró bíréèkì jáde pátápátá, kí á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ní ọdún méjì-méjì, yálà ó jò tàbí kò jò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe tísà díẹ̀. Òróró bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ ṣe máa ń rin nínú àwo lákòókò òjò. Tí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ wá ń tẹ bíréèkì léraléra níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irin á gbóná, omi yẹn á hó, á sì di ooru. Ooru kò lágbára tí a fi ń ti nǹkan bí òróró. Ẹsẹ̀ yín á kàn wọlẹ̀ fààà ni, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ṣé àṣejù wá ni kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀?

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lúùkù, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn lọ́rì agbégi máa ń sinmi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà.

Ẹ̀sùn kìíní tí mo fi kàn án: kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó bi mí pé ọ̀gá wa ńkọ́. Mo ní ọ̀gá wo? Ó ní ọkọ mi ni, kí n ní kó wá, kí àwọn ọkùnrin jọ sọ ọ́. Ọkọ tí mi ò tíì ní! Mo ní èmi ni mo rà á, èmi ni mo ń wà á, èmi náà ni kó bá sọ ọ́.

Ẹ̀sùn kejì: ó ní òróró bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, bí kò bá ti jò, a kì í fọwọ́ kàn án.

Dírẹ́bà lọ́rì kan wà níbẹ̀, ọkùnrin gàgàrà kan tó ń kó gẹdú, tí gbogbo Òrè ń pè ní Kòséwu. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí tó ń jẹ iṣu sísun. Ó ní, "Àǹtí tísà, ṣé ẹ̀yin náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ara yín dà nù lọ́dún méjì-méjì ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tèmi ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, bíréèkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Hẹn! Gírámà ti dé! Lúùkù, sá o!"

Ṣé mo gbà? Mi ò gbà. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Àkúrẹ́, mo tò títí ẹsẹ̀ mi fi wú, mo rí agolo òróró bíréèkì kan. Mo gbé e fún Lúùkù. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo padà dé, ó ní iṣẹ́ ti parí. Mo dúpẹ́, mo wakọ̀ lọ sílé.

Ọkàn mi ò sáà balẹ̀. Mo ṣí búùtù iwájú, mo sún sípéà táyà, mo ṣí ìdérí ike kékeré tí òróró náà máa ń wà nínú rẹ̀. Òróró tuntun máa ń mọ́ gaara bí oyin tí a fi omi là ni. Kí ni mo rí? Dúdú! Dúdú bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí!

Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù. Ìdérí nìkan ni ọkùnrin yìí nù. Ó nù ún mọ́ débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀! Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní agolo mi dà? Ó ní ó ti tán sídìí iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ó ní Àǹtí, ẹ máa fi sùúrù ṣe é. Kòséwu, tó tún wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kàn ń wo òkè ni, bí ẹni tó ń ka ẹyẹ.

Ẹ lè máa rò ó pé obìnrin yìí ti le jù, ṣé nítorí agolo kan péré ni? Ẹ dúró kí n sọ ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ni.

Ọ̀dọ̀ mi ní Òrè ni Màmá ń gbé nígbà yẹn nítorí orúnkún rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Ajue ni ilé rẹ̀, níbi tó ti ń dá oko kòkó àti pákí látìgbà èwe rẹ̀. Aládùúrà ni, ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ó wọ bọ́lẹ́kájà kan tó ń lọ sí Agbabu. Bíréèkì ọkọ̀ náà já níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ sì wọ inú oko pákí olóko. Ẹnikẹ́ni ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n eyín iwájú Màmá méjì dúró sínú oko yẹn, láti ọjọ́ náà sì ni kò ti wọ ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì mọ́.

Báwo ló wá ṣe dé Òrè? Kẹ̀kẹ́ ni! Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Ó ní bíréèkì kẹ̀kẹ́, òun ń rí i: rọ́bà méjì ni, wọ́n á fún irin mọ́ àárín, kẹ̀kẹ́ á dúró. "Ti mọ́tò dà? Ibo ló wà? Ohun tí mi ò rí, ṣé kí n gbé ẹ̀mí mi lé e lọ́wọ́?" Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, ó sì dùn ju báyìí lọ, àmọ́ mo ń fi ti ìwé sọ ọ́ kí gbogbo yín lè bá mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ó ní ìdí òun ti kú, òun ò tún gun kẹ̀kẹ́ dé Ajue mọ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ wá dé ojú rẹ̀ báyìí. Ilé àdúrà wọn ní Ajue fẹ́ fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ. Ọdún tó ṣáájú ni wọn ì bá ti ṣe é, orúnkún kò jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, wọ́n sì sún un síwájú. Àlùfáà wá ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni, pé bí Màmá kò bá lè wá, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí i, nítorí ìjọ kò lè máa wà láìní ìyá.

Ogún ọdún ni obìnrin yìí fi gbá ilé àdúrà yẹn kó tó wá sọ́dọ̀ mi! Òun ló ń gbé omi síbẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ mi gbé yín lọ."

Ó bi mí pé òróró bíréèkì tí mo ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀?

Kí ni kí n sọ? Màmá mi ló ń wò mí. Mo ní wọn ò pààrọ̀ rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Òtítọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní gbé mi dé Ajue. Ta ni mẹkáníìkì ọ̀hún? Mú mi lọ síbẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé, bí àsìkò ìmọ́tótó ti parí tí wọ́n yọ̀ǹda kí èèyàn jáde, a gbéra. Inú ààwẹ̀ ni Màmá wà, nítorí náà ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ẹ rò pé ó wọ ọkọ̀? Kò wọ̀ ọ́! Ó ń rìn lẹ́bàá títì, èmi ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e ní jíà kìíní. Tó bá dúró sinmi, n ó dúró. Tó bá rìn, n ó rìn.

Ẹ wo bí Òrè ṣe ń wò wá! Àwọn tó ń sun ẹran ìgbẹ́ létí ọ̀nà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Obìnrin kan pariwo pé, "Tísà! Ẹ ṣe fi ìyá arúgbó sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn? Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

Màmá dá a lóhùn pé, "Kò jù mí sílẹ̀! Èmi ni mi ò wọ̀ ọ́!"

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, Lúùkù dọ̀bálẹ̀ fún Màmá gbalaja. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ó mọ àgbà. Màmá kí i tán, ó ní, "Lúùkù, ọmọ mi sọ pé ìdérí lo nù."

"Màmá, ẹ má dá Àǹtí lóhùn. Ìwé ló ń dà wọ́n láàmú."

"Kòkó mi ni mo tà tí mo fi rán an níwèé. Tí ìwé bá ń dà á láàmú, èmi ni mo fowó mi ra wàhálà náà. Ó yá, ṣe é lójú mi. Ti kẹ̀kẹ́, mo ń rí i. Tìrẹ yìí náà, mo fẹ́ rí i."

Lúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Ó ní iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni. Ẹnì kan á wà nídìí táyà, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, á sì máa dí i. Ẹnì kan á máa bu òróró tuntun sínú ike níwájú, kò gbọdọ̀ gbẹ láé. Ẹnì kẹta á wà lórí àga dírẹ́bà, á máa tẹ bíréèkì. Ó ní àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ kò wá lónìí, kí á padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Màmá ní, "Ọjọ́ Ajé? Ṣé ọjọ́ Ajé ni Ìsinmi ń bọ́ sí ní ilé tìrẹ ni?"

Kòséwu ní òun á tẹ̀ ẹ́. Lúùkù ní, "Ìwọ kọ́! Ẹsẹ̀ rẹ tó dà bí gẹdú yẹn! O fẹ́ fọ́ ọkọ̀ olọ́kọ̀ ni?"

Bíbu òróró, èmi lè ṣe ìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bìní ti fi agolo méjì ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbé e dání, mi ò tún jẹ́ kó kúrò lójú mi mọ́! Ta wá ni yóò tẹ bíréèkì?

Lúùkù ti fi jáàkì àti búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ sókè, ó ti yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ lu búlọ́ọ̀kù, ó yí ọkọ̀ ká. Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀, ibo ló fẹ́ sá lọ?" Ó ká sùtánà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì wọlé sórí àga dírẹ́bà.

Ẹ gbà mí! Màmá mi, nínú mọ́tò!

Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fọwọ́ sápò, ó yọ ìgò òróró àdúrà kékeré kan. Ó ní kí á da díẹ̀ mọ́ èyí tí a fẹ́ rọ, kó lè jẹ́ pé bíréèkì Ọlọ́run ni.

"Rárá!" Èmi àti Lúùkù la jọ pariwo papọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu wa máa kò!

Lúùkù ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ní rọ́bà tó wà nínú rẹ̀. Òróró jíjẹ á jẹ́ kó wú, á bà á jẹ́. Ẹ fi kun ara ọkọ̀. Ẹ fi kun orí èmi gan-an. Ẹ má dà á síbẹ̀!"

"Wá nígbà náà." Màmá da òróró sí i lórí, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ó ń ṣàn dé ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó gbàdúrà fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣìṣe, ẹnu rẹ̀ kò ní purọ́. Lúùkù ṣe àmín. Mo rí i pé ìkejì yẹn ń wọ̀ ọ́ lára.

A bẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jìnnà jù sí ike òróró.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Mo tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ dì í mú!"

"Mo dì í mú lórúkọ Jésù!"

Lúùkù á tú nọ́ọ̀tì, òróró àtijọ́ á tú jáde gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ sínú ìgò. Yóò dí i. "Ẹ fi sílẹ̀!" Màmá á gbé ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá gbéra kí nọ́ọ̀tì tó dí, afẹ́fẹ́ á wọlé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Dúdú ló kọ́kọ́ ń jáde. Kòséwu ní ṣé ẹ rí i, òróró rèé, kí ló ṣe é? Mo ní kó dúró. Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ohun tó wá jáde, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, funfun ni! Ó ń hó! Ó ń hó bí omi ìfọṣọ, ó kún ìgò, ó ń yọ lẹ́nu ìgò bọ́ sí Lúùkù lọ́wọ́!

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rọ́ wá wò ó.

Lúùkù gbóòórùn rẹ̀. Ó fi díẹ̀ kan ahọ́n. Ó tutọ́ dànù. Ó ní, "Ọṣẹ."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àkísà nu páìpù bíréèkì tó wà lẹ́yìn, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé. Èmi ni mo fi iná jó páìpù yìí pọ̀."

Ó wá jẹ́wọ́. Ó ní kí ọ̀gá igbó ọba tó ta ọkọ̀ yìí, páìpù bíréèkì rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí òróró bíréèkì ní gbogbo Òrè lásìkò náà. Òun bá jó páìpù, òun sì da omi ọṣẹ sínú rẹ̀, bí àwọn mẹkáníìkì kan ti ń ṣe nígbà ọ̀wọ́n, kí ọkùnrin náà lè rọra wà á délé. Òun ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì kí òun fà á jáde. Kò padà wá. Ọkọ̀ náà kì í sì í ṣe funfun nígbà yẹn, ewéko ni àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n kùn ún kí wọ́n tó tà á fún mi, Lúùkù kò sì dá a mọ̀.

Ẹ gbọ́! Omi ọṣẹ ni mo ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀! Omi ọṣẹ ni mo fi ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òdìgbó, tí mo ń fi ẹnu súfèé!

Mo là á mọ́lẹ̀ fún Lúùkù lọ́jọ́ yẹn. Mo ka ẹ̀sùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ká ní ó ṣe ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ náà ni ọṣẹ yìí ì bá ti jáde. Mo ní ká ní kì í ṣe ìdérí nìkan ló nù, ọjọ́ tí mo gbé agolo wá ni ì bá ti jáde. Mo wá ní, "Agolo mi tí mo tò fún ní Àkúrẹ́ ńkọ́?"

Kòséwu dìde, ó ń rọra lọ.

Màmá yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Ìwọ, ibo lò ń lọ?"

"Màmá, mo fẹ́ lọ tọ̀ ni."

Lúùkù fọwọ́ kan orí rẹ̀ tí òróró ṣì wà. Ó wo Màmá nínú aṣọ funfun. Ẹ̀rù bà á láti purọ́. Ó ní, "Àǹtí, agolo yín wà nínú lọ́rì Kòséwu."

Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò! Ọkùnrin tó ní a kì í fọwọ́ kan òróró bíréèkì, inú lọ́rì tirẹ̀ ni tèmi wà! Kòséwu ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ó ń dúró dáadáa báyìí o. Ẹ ṣeun gan-an ni!"

Mo fẹ́ bínú síwájú sí i. Ṣùgbọ́n Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ẹ̀rín aláìléyín iwájú tó máa ń fẹ́ jáde gba àlàfo yẹn. Ara rẹ̀ ń mì, ọkọ̀ ń mì lórí búlọ́ọ̀kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú?

Màmá rán Kòséwu níṣẹ́. Ọkùnrin gàgàrà yẹn sáré kọjá títì lọ ra sípírítì àti rọ́bà bíréèkì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta sípéà. Lúùkù tú gbogbo rẹ̀, ó fi sípírítì fọ inú páìpù, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí ọṣẹ ti jẹ. A wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, iwájú lápá òsì. Èmi ń rọ ọ́, Lúùkù ń tú u, Màmá ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Tí Lúùkù bá ní "Ẹ tẹ̀ ẹ́!" gbogbo wọn á gbè é pé "Ó tẹ̀ ẹ́!" Àtẹ́wọ́ ti dé. Ẹnì kan ti ń jó!

Nígbà tó yá, gaara ló ń jáde, bí oyin tí a fi omi là. Lúùkù dí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn. Ó ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀."

"Mi ò fi sílẹ̀."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá, ó ti parí."

"Mo ní mi ò fi sílẹ̀! Dúró!" Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni, kò sí bàtà láàárín òun àti irin yẹn. Ojú rẹ̀ yí padà. "Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀bà àná. Ọmọ mi, ó ti le! Ó ti le bí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn! Mo rí i! Ẹsẹ̀ mi rí i!"

Ariwo ayọ̀ tó sọ, ẹ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Wọ́n dá táyà padà, wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí Màmá láti fà á jáde. Kò jáde! Ó fà lọ sí àga kejì fúnra rẹ̀. Ó ní kí ni mo dúró ṣe, kí n wọlé kí n wakọ̀.

Kí a tó kúrò, mo ní kí Lúùkù sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní òun jẹ̀bi. Mo ní ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Kòséwu. Ó pariwo rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ti ọṣẹ, ó bẹ̀bẹ̀ fún ti ìdérí àti ti agolo. Ti "ọ̀gá wa ńkọ́" yẹn, kò bẹ̀bẹ̀ fún un títí dòní, ó ṣì wà nínú ìwé mi.

Lójú ọ̀nà ilé, Màmá ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ dúró. Ó pàtẹ́wọ́. A rìn díẹ̀, ó ní "Tún tẹ̀ ẹ́!" Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dúró lójú ọ̀nà tí kò tó máìlì kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè, ó sì ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà!

Ọjọ́ Ìsinmi, a wọ Ajue láàárọ̀. Àwọn ìyá ilé àdúrà tò síta láti pàdé ẹni tí wọ́n rò pé yóò fi kẹ̀kẹ́ wá, tàbí tí kò ní wá rárá. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìjàpá, wọ́n fi orin sílẹ̀, wọ́n bú sígbe. Àlùfáà fi Màmá jókòó sórí àga Ìyá Ìjọ. Wọ́n ní kó jẹ́rìí. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú kí gbogbo ìjọ rí i, ó ní ẹsẹ̀ yìí ló gbé òun dé ibí, kì í ṣe nípa rírìn. Ó wá ṣàlàyé bíréèkì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gùn ju ìwàásù lọ! Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sórí àga yẹn, kí Ọlọ́run tó pè é.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Pé ohun tí kò tíì bàjẹ́ ni a ń tọ́jú. Èyí tó bá ti bàjẹ́, àtúnṣe là ń ṣe fún un, nígbà mìíràn ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ọdún méjì-méjì, ẹ fa òróró bíréèkì yín jáde, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò níbẹ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti dà sínú ọkọ̀ yín rí tí ẹ ò mọ̀? Ta ló sọ fún yín pé ẹ ti kàwé jù? Ẹ kọ ọ́ síbí kí a jọ bínú, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá sì jẹ́ mẹkáníìkì, ẹ kọ tiyín náà, torí mo mọ̀ pé àwa oníbàárà kì í ṣe áńgẹ́lì.